Aṣọ Ẹtù Tí Mo Tà Láìtọ Etí Rẹ̀ Tán

Ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ọdún yẹn ni mo dé Èkó. Mi ò mọ nọ́ńbà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ń pe ọdún náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mọ́tò tó gbé mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe ségesège lójú títì, tí awakọ̀ sì ń bú ara rẹ̀ ní gbogbo oríta: "Ọ̀tún o, ìwọ ọkùnrin yìí! Ọ̀tún ni wọ́n wí!" Mo ti tó ọmọ tí wọ́n ń wá ọkọ fún nígbà yẹn, àmọ́ bàbá mi ní kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí èmi ò mọ ìwé. Ó ní kí n fi sùúrù sọ ọ́. Mi ò ní sùúrù. Inú ń bí mi, bó sì ṣe ń bí mi náà ni màá ṣe sọ ọ́, nítorí mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń wò ó bóyá kí àwọn náà bọ́ sídìí iṣẹ́ aṣọ àtijọ́. Ó dára. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Ẹ máa ń rí wa lọ́jà àlòkù, àwa tá a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tá à ń tú òkìtì aṣọ. Ẹ rò pé àkísà là ń ṣà. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ fọwọ́ bomú kó tó kọjá. Wàídì, ọmọ tí mo fi owó òkìtì yẹn rán níléèwé, sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé àǹkárá ni ìyá òun ń tà. Àǹkárá! Èmi tí mo ti fa sányán tí bàbá ńlá ẹnìkan fi gbéyàwó yọ láàárín síńgílẹ́ẹ̀tì òyìnbó àti ṣòkòtò tí ìdí rẹ̀ ti ya. Àwọn aṣọ òfì tí wọ́n fọwọ́ hun, tí ẹni tó hun wọ́n ti kú, tí ẹni tó wọ̀ wọ́n ti kú, inú òkìtì yẹn ni wọ́n wà. Bí ojú rẹ kò bá mọ̀ wọ́n, wàá tẹ̀ wọ́n kọjá lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Wọ́n gbà mí, mò ń jẹun, mò ń rí ibi sùn, ó tán. Ọ̀gá mi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́tù, obìnrin Ìsẹ́yìn tó fi Ìkọ̀tún ṣe ilé nígbà tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dúdú, wọn kì í rẹ́rìn-ín. A ó ru abọ́ tuntun sórí, a ó máa kiri láti ojúlé dé ojúlé: "Ẹ kó aṣọ àlòkù wá gba abọ́ o!" Àwọn obìnrin á kó aṣọ jáde, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó fún wọn ní abọ́ tàbí ìkòkò. Aṣọ òyìnbó á lọ sọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà. Aṣọ òfì ni Ìyá Ẹlẹ́tù ń dúró dè.

Ọdún kan gbáko ni wọn ò fi jẹ́ kí n dá sí iye aṣọ kankan. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń kọ́. Bí a bá ti jẹun àárọ̀ tán, wọ́n á fi gèlè dì mí lójú, wọ́n á ju aṣọ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Sányán ni, mà."

Wọ́n á gbá mi lọ́wọ́. "Òwú ni. Sányán máa ń ha ọwọ́ díẹ̀. Tún un mú. Àbí orí ìka rẹ ti kú ni?"

Wọ́n á fa fọ́nrán kan yọ, wọ́n á fi iná sí i. Sányán gidi máa ń rùn bí irun tó jóná. Ayédèrú á yọ́, á dì bí àbẹ́là. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi àtàǹpàkò tútù ra aṣọ ẹtù, ìyẹn òfì aláró dúdú tó ní ìlà tín-ín-rín, kí n lè mọ̀ bóyá aró ewé ni àbí ti inú agolo. Mo sunkún, ó tó ìgbà mélòó kan. Wọn ò wojú mi.

Àmọ́ òfin kan wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Aṣọ òfì tó bá ti ilé obìnrin jáde, o ò gbọdọ̀ gbà á lọ àyàfi bí o bá kọ́kọ́ fọwọ́ tọ etí rẹ̀ yíká, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po tí wọ́n rán an, lójú ẹni tó ni ín gan-an. Kì í ṣe lójú ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe lójú ọkọ rẹ̀.

"Obìnrin tó wà láàárín orogún," Ìyá Ẹlẹ́tù ní, "níbo ló fẹ́ tọ́jú nǹkan sí? Àpótí ní kọ́kọ́rọ́, ọkọ ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Etí aṣọ ni báńkì tiwa."

Ọjọ́ kan ní Àgbàdo, mo gba òfì kan lọ́wọ́ ìyàwó kékeré kan. Oòrùn mú, ebi ń pa mí, mi ò tọ etí rẹ̀. Nígbà tí mo délé, Ìyá Ẹlẹ́tù fọwọ́ tọ̀ ọ́, ọwọ́ wọn dúró lójú kan. Wọ́n tú okùn. Òrùka wúrà ni. Mo rò pé wọ́n máa nà mí. Wọn ò tiẹ̀ gbóhùn sókè.

"Dìde. Gbé e padà."

"Mà, oòrùn ṣì mú."

"Oòrùn ló rán ọ níṣẹ́ ni? Dìde! Ẹsẹ̀ ni kó o fi lọ. Tó o bá wọ mọ́tò, màá mọ̀."

Láti Ìkọ̀tún dé Àgbàdo, ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n wò. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, ìyàwó náà ti tú gbogbo yàrá síta, ó ti da gàrí jáde nínú àpò, ó ń wá a. Mo na òrùka sí i. Kò kí mi, kò dúpẹ́. Ó gbá mi létí kan, lẹ́yìn náà ló dì mọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rìn padà. Láti ọjọ́ náà, fún ogójì ọdún ó lé, kò sí aṣọ tó kọjá lọ́wọ́ mi tí mi ò tọ etí rẹ̀. Mo rí ìlẹ̀kẹ̀, mo rí owó àtijọ́ tí kò ná mọ́, mo rí irun ọmọ tuntun tí wọ́n wé sínú òwú. Gbogbo rẹ̀ ni mo dá padà. Àwọn ènìyàn mọ̀ mí mọ́ ọn. Ní ọjà àlòkù lápá Ìgándò, níbi tí mo ti ní ìsọ̀ lẹ́yìn tí Ìyá Ẹlẹ́tù kú, obìnrin a máa wá láti Ìpájà, wọ́n á ní, "Ìyá Múníra ni mo fẹ́ tà á fún. Obìnrin yẹn kì í jí etí aṣọ."

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe bà á jẹ́.

Fóònù ló kọ́kọ́ dé. Mi ò bú fóònù, òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi. Àmọ́ ó kó àwọn oníbàárà kan wá tí kì í fọwọ́ kan aṣọ. Wọ́n á dúró tìdúró-tìdúró, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnìkan á sọ fún mi pé òun rí aṣọ mi lórí fóònù, ẹlòmíràn ló ń tà á. Fíńtéèjì ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní aṣọ àtijọ́ tó gbayì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fọwọ́ bomú níjelòó!

Ọkùnrin kan wà nínú wọn, Kúnlé, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà. Ó mọ ẹtù yàtọ̀ sí àlàárì. Ó ní àwọn èèyàn lókè òkun ni òun ń kó o ránṣẹ́ sí, pé wọ́n ń fi í kọ́ ara ògiri, pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ síwájú fóònù kí òun lè rí i láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó di ọdún méje báyìí. Àárọ̀ Sátidé kan, ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Táyọ̀ gbé ẹtù kan wá sí ìsọ̀ mi. Barúwà ni ilé wọn, mo mọ ìyá rẹ̀ lójú, opó ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹtù yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó dú bí òru, ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Mo fi àtàǹpàkò tútù ra á: aró ewé ni.

"Ta ló ni ín?"

"Màámi ni, mà. Wọn ò wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ní kí n tà á."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n lọ Ògbómọ̀ṣọ́, mà."

Ó yẹ kí n ní kó gbé e padà títí ìyá rẹ̀ á fi dé. Àmọ́ mo ti pe Kúnlé. Inú mi ló dùn jù, mo fẹ́ kó rí i. Mo tẹ́ ẹ síwájú fóònù, ọkùnrin náà ń pariwo nínú rẹ̀.

"Ìyá! Yéè! Ẹ má ká a mọ́! Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni! Ọlọ́kadà tó ń bá mi gbé ẹrù wà nítòsí yín níbẹ̀, ó ń bọ̀, ẹ fún un báyìí!"

"Jẹ́ kí n tọ etí rẹ̀ ná, Kúnlé."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó fẹ́ rà á wà lórí ìlà. Ó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

Ọlọ́kadà dé, ó ń fun fèrè. Táyọ̀ ń wo ojú mi. Ọwọ́ mi ti wà ní etí aṣọ náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́, mo ti dé ìdajì. Mo ká a. Mo gbé e fún ọlọ́kadà.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Táyọ̀ dúró níwájú ìsọ̀ mi. Gèlè kò sí lórí wọn.

"Ẹtù mi dà?"

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Táyọ̀ ní ẹ ní kí òun..."

"Mo ní ẹtù mi dà! Ìwé ilé mi wà létí rẹ̀!"

Mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi níbẹ̀, pẹ̀lú igbe, tí gbogbo ọjà dúró ń wò wá. Nígbà tí ọkọ wọn kú, àwọn ẹbí ọkọ ń wá ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀ Barúwà. Ìyá Táyọ̀ ká ìwé náà, wọ́n fi aṣọ funfun pẹlẹbẹ wé e, wọ́n rán an sí etí ẹtù, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Wọn ò sọ fún Táyọ̀ nítorí ẹnu Táyọ̀ kì í pa dé, wọn ò sì rán an láti ta ẹtù. Ní báyìí, àwọn ọmọ ìdílé tó ta ilẹ̀ ti dìde pé bàbá àwọn kò ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri Ìyá Táyọ̀. Wọ́n fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti mú ìwé wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, katakata á wá wó ilé.

"Wọ́n ní ìwọ kì í jí etí aṣọ," wọ́n ní. "Wọ́n ní olóòótọ́ ni ẹ́! Ìyẹn ni mi ò ṣe pariwo nígbà tí Táyọ̀ ní ọ̀dọ̀ rẹ lòun tà á sí. Mo ní, ṣebí Ìyá Múníra ni, á ti rí i, á ti tọ́jú rẹ̀ dè mí!"

Mo wo ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú méjì péré ló kù kí ìka mi débẹ̀.

Èmi àti wọn wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Kúnlé dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde, kó gbé ẹtù wá. Ó ń fọwọ́ ra orí.

"Ìyá, a ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀."

"Iṣẹ́ wo?"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn télọ̀ mẹ́ta jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ará, bàtà ni wọ́n ń fi í ṣe. Sálúbàtà! Wọ́n ti gé ẹtù náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà. Aṣọ tí ẹnìkan jókòó sídìí òfì fún oṣù mélòó kó tó parí!

"Ẹni tó wà lókè òkun ńkọ́? Ara ògiri ńkọ́?"

"Ìyá, èyí ni wọ́n ń rà jù nísinsìnyí, mà. Aṣọ yín ṣì wúlò, ẹ wò ó, ó gbayì..."

Mo bú u. Ohun tí mo fi bú u, ọmọ ọmọ mi ní òun ò ní kọ ọ́, kò burú. Ìyá Táyọ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti kúnlẹ̀ sídìí àpò tí wọ́n ń da àjákù sí, wọ́n ń tú u. Èmi náà kúnlẹ̀. Etí aṣọ kì í wúlò fún bàtà, ó nípọn jù, gígé ni wọ́n ń gé e sọnù. A tú àpò mẹ́ta. Nínú ẹ̀kẹta ni ìka mi ti kan bébà.

Ìdajì ni. Síṣọ́ọ̀sì ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìdajì tó kù ti bá pàǹtí lọ lánàá. Èyí tí a rí ní orúkọ ọkọ Ìyá Táyọ̀, ó ní àmì ìka bàbá tó ta ilẹ̀. Èyí tó sọnù ni wọ́n kọ bí ilẹ̀ náà ṣe gùn tó àti ibi tó parí sí sí.

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà síwájú baálẹ̀ àdúgbò, Wàídì ní kí n má lọ.

"Màámi, ajagungbalẹ̀ làwọn èèyàn yẹn. Wọ́n á mọ ojú yín. Ẹ ti bẹ Ìyá Táyọ̀, ẹ ti bá wọn wá a, ó tó."

"Ṣé ilé rẹ ni wọ́n fẹ́ wó?"

"Rárá, mà."

"Dákẹ́ nígbà náà."

Mo lọ. Àkọ́bí ọkùnrin ìdílé tó ta ilẹ̀ náà mú bébà yẹn, ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé àná nìyí. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n wá ya á kó lè dà bí ti àtijọ́."

Mo dìde. Ó wò mí. "Ìyá òkìrìkà, ẹ̀yin náà mọ̀wé kà?"

"Mi ò mọ ìwé kà. Gbé e sílẹ̀ síbí kí n bá ọ ka aṣọ."

Mo tẹ́ ìdajì etí ẹtù tí a rí nínú àpò sórí tábìlì baálẹ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun pẹlẹbẹ lé e, mo tẹ́ bébà lé ìyẹn. Mo ní kí baálẹ̀ súnmọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ Ìyá Táyọ̀ ti gba inú bébà kọjá nígbà tí wọ́n ń rán an. Ihò mẹ́tàlá ló wà lórí bébà, ihò mẹ́tàlá lórí aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kojú ara wọn. Aró ti gba ara aṣọ funfun dé ara bébà, ó fi ìlà ẹtù síbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi ìka tútù ra á lójú gbogbo wọn.

"Aró ewé nìyí," mo ní. "Kì í fi ọjọ́ kan wọ bébà báyìí, kì í fi ọdún kan. Èmi ni mo gba aṣọ yìí lọ́wọ́ ọmọ wọn, èmi ni mo tà á láìyẹ etí rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó fi ọwọ́ tirẹ̀ rán òmíràn kí ó bá a mu."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Baálẹ̀ wo bébà, ó wo àmì ìka bàbá wọn, ó ní ilé Ìyá Táyọ̀ ni ilé Ìyá Táyọ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ilé ni baálẹ̀ wí. Ilẹ̀ iwájú ilé ńkọ́, níbi tí wọ́n gbin ọsàn sí, tí wọ́n ń ta omi tútù? Ìwé tó sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí kò sí. Àwọn ọmọ yẹn ní tàwọn ni iwájú. Wọ́n gé igi ọsàn, wọ́n mọ ògiri, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síbẹ̀. Ìyá Táyọ̀ ń gba ojú ọ̀nà kan tí kò fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn lọ wọlé wọn. Nígbà tí àìsàn gbé wọn dè, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n yí wọn sí kí wọ́n tó lè gbé wọn jáde.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi. Mi ò bínú sí Kúnlé tó bí mo ṣe ń bínú sí ara mi. Òun kò ní Ìyá Ẹlẹ́tù. Èmi ní. Wọ́n fi gèlè dì mí lójú fún ọdún kan kí ìka mi lè ríran, ọlọ́kadà sì fun fèrè, mo ká aṣọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí, èrè wà nínú rẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń sáré kò yẹ fún un. Ẹ lọ ta búrẹ́dì.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mò ń lọ kí Ìyá Táyọ̀. Wọ́n máa ń bú mi. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á bú mi tán, wọ́n á ní kí n jẹun. Lọ́jọ́ mìíràn, bíbú nìkan ni. Múníra àkọ́bí mi ní èébú náà ti tó, pé wọ́n ti dárí jì mí, kí n jókòó sílé kí n sinmi.

Mo ní kó pe àwọn àbúrò rẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ mọ́tò lọ sí Barúwà, títí kan Wàídì tí ojú ń tì nítorí iṣẹ́ mi. Mo mú wọn gba ojú ọ̀nà tóóró yẹn wọlé, mo ní kí wọ́n kí Ìyá Táyọ̀ dáadáa, kí Ìyá Táyọ̀ sì wo ojú wọn kí wọ́n mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà mo mú wọn dúró sídìí ògiri náà, mo ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fọwọ́ kàn án, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo láti ibẹ̀ dé ẹnu ìlẹ̀kùn ilé. Wàídì ló kà á: ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe nítorí àforíjì ni mo ṣe ń wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mò ń wá kí àwọn tó kọ́ ògiri yìí lè máa rí mi. Èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí obìnrin yìí, mo sì ti darúgbó. Lónìí, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà níbí. Bí mo bá kú tó bá di mẹ́ta, ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé ẹ ò mọ̀."